Àtúnṣe Kẹ̀kẹ́ fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kéré

Ìlú olókè méje ni àwọn ènìyàn ń pe Ìbàdàn, ẹni tí ó bá sì ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ti Dùgbẹ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá yóò fẹsẹ̀ gbára. Ẹni tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ Láyípo tí a kọ́ ní ọdún 1936 wà, yóò máa sáré ju bí ó ti fẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí táyà rẹ̀ nípọn yẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun wọ́n, tòkunbọ̀ ni ó sì máa ń ká agbára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dà dídán àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun a máa fa ọ̀dọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí kò lè dúró, kò yẹ kí ó rìn. Bíréèkì ni ó ṣáájú. Rọ́bà àti wáyà rẹ̀ kò wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ tán, tí mọ́tò sì dúró lójijì ní Ring Road, ẹ̀mí ni a ó fi san gbèsè wọn.

Táyà ni ó tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré jù, òkè yóò nira láti gùn. Bí ó bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ yóò máa yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ṣéènì, èyí tí a lè fi rúlà wọ̀n. Ojú ṣéènì tuntun 24 gùn tó íǹṣì 12 géérégé. Bí ó bá fi 1/16 íǹṣì gùn sí i, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá dúró títí ó fi di 1/8, eyín jíà yóò ti jẹ pẹ̀lú, ẹni tí ìbá ra ẹyọ ohun kan yóò wá ra méjì tàbí mẹ́ta.

Gíga ìjókòó kò tilẹ̀ ná ni ní kọ́bọ̀: nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lórí pẹ́dà, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó àtúnṣe kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n tọ́jú owó náà de kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.