Àwo Orin Àtijọ́: Àkísà Tí Àgbà Fi Ju Ọmọdé Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwo orin kan ní ìlú Ìbàdàn, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Dùgbẹ̀ lọ sí Ògùnpa. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Àwo orin àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé: òmíràn wà nínú páálí, òmíràn wà nínú àpótí ọtí, òmíràn sì wà lórí pákó tí ẹrù ti tẹ̀ bí ọrun. Bàbá Aláwo ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe ẹni tí ó ni ín. Àlejò tí kò bá fetí sí ohùn dáadáa lè rò pé Ifá ni bàbá náà ń dá. Àwo orin ni tirẹ̀, kì í ṣe awo Ifá. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, iṣẹ́ méjèèjì fẹ́ jọra.

Ní àkókò tí a wà yìí, tí orin kún inú fóònù gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni lè bi mí pé kí ni mo ń wá nínú eruku. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo ń wá a. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àwo orin kéékèèké ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi ṣe àjọyọ̀ iṣẹ́ wọn, àjọyọ̀ náà sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí ó di ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 41 àwo ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, tí sídì sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 33. Láti ọdún 1987, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwo yóò ta ju sídì lọ. Ohun tí a ti sin ni ó jí padà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí tí mo fi gbà pé jíjí rẹ̀ kan àwa náà.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ pe olórin àpàlà kan wá síbi ayẹyẹ wọn. Olórin náà kò lókìkí bí Haruna Ìṣọ̀lá. Orúkọ rẹ̀ kò ré kọjá àdúgbò bí mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé àwo jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ki àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ojú kejì rẹ̀, ó sì ki bàbá mi dé orí baba ńlá rẹ̀. Bàbá mi ra ẹyọ kan. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí kò ju pé páálí àwo náà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àti pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Ẹni tí ó bá gbé Ìbàdàn nígbà náà kò lè gbàgbé. Omi náà gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ẹ̀mí nìkan ni àwa mú jáde. Nígbà tí omi fà, ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ti lọ, rédíógíràmù ti di igi tí ó rà, a kò sì rí àwo kankan mọ́. Bàbá mi fi gbèsè ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn. Àwo yẹn ni kò rí rà mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1989. Láti ìgbà náà, ìyá mi ṣáà máa ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Wọ́n kọ bàbá yín àgbà lórin o," bí ẹni tí ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́ tí kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Kí ẹ tó lè mọ bí ohun tí a pàdánù ti tó, ó yẹ kí a rántí ohun tí àwo orin jẹ́ fún Yorùbá. Ọ̀rẹ́ àwa àti àwo ti pẹ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, baba àgbà Fẹlá, ti kọ orin ìyìn tí ó lé ní ogójì sínú àwo ní ìlú London. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo ayé ìgbà náà. Ó máa ń yí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orin ojú kan rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó di àfọ́kù. Ní ọdún 1948 ni wọ́n gbé àwo gbọọrọ onípíláásítíìkì jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ojú rẹ̀ kan lè gba orin ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹni pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe ṣe é. Ta ni yóò ki ọmọ Yorùbá tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ìgbà tí àyè gbà wọ́n ni Ebenezer Obey àti King Sunny Adé fi odindi ojú àwo kan ṣe orin kan ṣoṣo tí kò dánu dúró, tí wọ́n ń gba inú àdúrà bọ́ sínú òwe, tí wọ́n sì ń gba inú òwe bọ́ sínú oríkì. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, kí olórin lè jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọba àti olówó nìkan ni wọ́n kọ sínú àwo láyé ìgbà náà. Wọ́n kọ awakọ̀, wọ́n kọ alápatà, wọ́n kọ ìyá aláṣọ, wọ́n kọ télọ̀. Ẹni tí ìwé ìtàn kò dá mọ̀, àwo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí ó rọrùn láti rà, tí ó sì rọrùn láti dà kọ, ọwọ́ wa kúrò lára àwo. Àwọn ọmọdé fi ṣe ohun ìṣeré. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fi dé kòkò omi.

Èmi náà kọ́kọ́ wá àwo bàbá mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí Obey, mo rí Àyìnlá Ọmọwúrà, mo rí ohun tí n kò tilẹ̀ wá. N kò rí olórin tiwa. Ẹ̀rọ kò lè fún ni ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan júwe ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláwo fún mi.

"Ẹ kú ọjà o, bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ta ni ẹ ń wá?"

Kò bi mí pé kí ni mo ń wá. Ta ni mo ń wá ni ó bi mí. Mo sọ orúkọ olórin náà. Ó bi mí ní ọdún, ó bi mí ní orúkọ ẹgbẹ́, ó bi mí bóyá agídìgbo wà nínú orin náà, ó sì bi mí ní àwọ̀ páálí rẹ̀. Ó di ojú méjèèjì fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹyọ kan ti kọjá lọ́wọ́ mi rí. Àwọn kan tó ti òkè òkun wá ló kó o mọ́ páálí mẹ́rin."

"Kò dùn yín, sà?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí? Ẹni tó mọ iyì ohun ló ń náwó lé e. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti já, lábẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń wá ẹni tiwọn. Oṣù márùn-ún kọjá. Mo ti gbàgbé kí ó tó pè mí: ìdílé olùkọ́ kan tí ó ti di olóògbé ń kó ẹrù rẹ̀ dà nù, ó sì ti rí páálí aláwọ̀ ìyeyè nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni ó pè é. N kò ná an.

Kò sí ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ ọ nílé wa mọ́, nítorí náà mo gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Aláwo gbé bẹ́ǹṣì síta fún un, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó fi aṣọ funfun nu ojú àwo náà pẹ̀lẹ́, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ariwo kan kọ́kọ́ jáde, bí àgbàdo tí ń ta nínú iná. Lẹ́yìn náà ni ìlù dé. A gbọ́ ojú kìíní tán, ó yí i padà. Àwọn tí ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Nígbà tí olórin náà dé orí bàbá mi, tí ó ní owó tí ó ná lọ́jọ́ ayẹyẹ náà kò ṣeé kà, ìyá mi pariwo pé, "Irọ́ ni! Gbèsè la fi ra aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ náà!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, ó fi etí gèlè nu ojú rẹ̀, ó sì sọ fún Bàbá Aláwo pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà síbi tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀."

N kò kórìíra fóònù. Mo ti gba orin náà sórí tèmi, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó ní i, ẹnì kan ní láti ti tọ́jú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ẹlòmíràn sì ní láti mọ̀ ọ́n nígbà tí ó rí i. Iṣẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ń ṣe nìyẹn. Ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, Jazzhole tí Kúnlé Téjúoṣó dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 ń ta ìwé àti àwo pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ibẹ̀ mọ orin tí àwọn òbí wọn jó. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Bàbá Aláwo ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì ní ọmọṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ tí ó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àwọn àwo yóò rí ẹni rà wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ohun tí ó wà lórí rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ yẹ abẹ́ ibùsùn àwọn òbí yín wò. Bí ẹ bá bá àwo níbẹ̀, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sẹ́yìn páálí. Bí ẹ kò bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí yín, kí ẹ sì mú ọmọ kan dání lọ, kí ó lè rí bí wọ́n ti ń gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ilé ìyá mi ni àwo tiwa wà báyìí, nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ, yóò ní kí n wá gbé òun lọ sí Dùgbẹ̀ láti kí ọkọ òun.