Láti Sọ́míìlì Òrè dé Èdè Gíríìkì

"Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run tó pè yín ní Òrè níbí kò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni, tí ẹ fi ń lọ kọ́ Gíríìkì?"

Bàbá díákónì kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dágbére fún ìjọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò rí èsì fọ̀. Sọ́míìlì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé, pákó ni mò ń gbé lórí kí n tó gba ìpè. Mo ti lo ọdún díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ń wàásù, àwọn èèyàn ń ronú pìwà dà. Kí ló tún kù tí mo ń wá lọ sí sẹ́mínárì?

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé Bíbélì tí bàbá fi há abíyá níjọ́ yẹn, àwọn tó jókòó sí kíláàsì ló gbé e fún wa. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ní Freetown, lọ́dún 1827. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Nígbà tó di 1876, Yunifásítì Durham ti gba Fourah Bay mọ́ra, ọmọ adúláwọ̀ lè wà ní Freetown kó sì gba dígírì Durham. Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1884. Gíríìkì tí bàbá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ Májẹ̀mú Tuntun fún un.

Àwa Onítẹ̀bọmi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni tiwa. Míṣọ́nnárì Thomas Bowen ti dé ibẹ̀ lọ́dún 1855, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Lọ́dún 1898 ni sẹ́mínárì bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ló darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kan Osadolor Imasogie, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wà nípò náà. Àwọn Áńgílíkà ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's l'Ọ́yọ̀ọ́ láti 1896, àwọn àti Mẹ́tọ́díìsì sì jọ dá Immanuel sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1958. Ká ní Áńgílíkà ni mí ni, Vining tó wà l'Ákùúrẹ́ ì bá sún mọ́ mi jù.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ sẹ́mínárì yìí, orúkọ Joseph Ayo Babalola ló kọ́kọ́ máa ń dá. Awakọ̀ rólà ni, ó gbọ́ ìpè lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà lọ́dún 1928, nígbà tó fi máa di 1930 ìsọjí rẹ̀ ti gbiná ní Iléṣà. Sẹ́mínárì wo ló lọ? Òótọ́ ni, n kì í jà á. Mo kàn máa ń sọ pé ìjọ Babalola náà, Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, fúnra rẹ̀ ti ní sẹ́mínárì lónìí.

Bí mo ṣe gba Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, àpótí kan àti àpò gààrí lọ́wọ́. Ìjọ kan ṣèlérí owó ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Sáà kejì ni ìlérí náà dákẹ́. Ìyàwó mi ló gbà mí. Ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì Benin ti ń yà jẹun ní Òrè ló ń ta ẹ̀bà àti púpurú sí, òun ló sì rán mi dé másítà. Bí wọ́n bá ń pè mí lọ́mọ̀wé, mo mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kí.

Gíríìkì kò pa mí bí mo ṣe rò. Àmì orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni láyé àtijọ́. Èwo ló ṣàjèjì nínú ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Ọjọ́ tí a ka Jòhánù orí kẹta ni ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *pneuma*, ni wọ́n ń lò níbẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti fún ẹ̀mí. Mo rántí èémí àti ẹ̀mí tiwa. N kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ tẹ̀ lé e.

Èyí tó mì mí ni ti Èṣù. Nínú ìwé Jóòbù lédè Hébérù, kì í ṣe orúkọ èèyàn ni Sàtánì níbẹ̀, oyè ni: olùfisùn náà, ẹni tó ń rojọ́ mọ́ni. Èṣù sì ni Bíbélì Yorùbá fi túmọ̀ *diabolos* nínú Májẹ̀mú Tuntun. Lọ́dún 1962 ni Bolaji Idowu, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n n'Íbàdàn, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè pé Èṣù àwọn baba wa kọ́ ni èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun. Mo ka ìwé náà ní láìbìrì títí wọ́n fi paná mọ́ mi. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bọ Èṣù o. Bàbá kan ló wá sí mi lọ́kàn, àgbẹ̀ kòkó lọ́nà Odìgbò, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Èṣù. Pásítọ̀ kan ti sọ fún un pé kò lè ṣèrìbọmi pẹ̀lú orúkọ yẹn.

Nígbà tí mo padà dé, ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà. Mo ṣàlàyé Hébérù, mo ṣàlàyé Gíríìkì. Bàbá gbọ́ mi tán, ó gbé omi fún mi. Ó ní ẹ ṣeun, Pásítọ̀, àmọ́ àwọn ti kéde orúkọ tuntun nínú ìwé ìròyìn, orúkọ ọ̀hún sì làwọn ọmọ òun fi ṣe WAEC. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó di orúkọ ilé mú kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń kọ́ àwọn pásítọ̀ agbègbè wa báyìí: ẹlẹ́ran kan, wẹ́dà méjì, wòlíì kan tí kì í bọ́ súùtánà rẹ̀. Bí tírélà onígẹdú bá ń kọjá, a ó dákẹ́ títí ariwo rẹ̀ á fi lọ. A ń ka Jóòbù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì sọ ìtàn bàbá náà fún wọn. Wòlíì náà mi orí títí, ó ní irú pásítọ̀ wo nìyẹn, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Mo ní èmi ni.