Pínnì Ló Wà Lẹ́nu Mi

Ọmọ mi àkọ́kọ́ pé ọdún méjì àbọ̀, kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò fa etí ìró mi títí n ó fi dìde nídìí máṣíìnì, yóò fà mí dé ìdí kúlà omi, yóò sì na ìka sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà mi pé, “Ẹ wò ó bó ṣe mọ ohun tó ń fẹ́.”

Télọ̀ ni mí, ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn. Ọdún 2016 ni mo bí ọmọkùnrin yìí. Oyún rẹ̀ kò tíì hàn tí èmi àti bàbá rẹ̀ ti fẹnu kò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ sí i. Kì í ṣe afẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Nígbà tí mo wà ní girama, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, owó ìtanràn ni yóò san, mo sì san án títí ó fi sú mi. Nígbà tí mo wá kọ́ṣẹ́ tán, tí àwọn oníbàárà tó kàwé bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí mi, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, n ó sì mi orí. Mo búra pé ọmọ tèmi kò ní mi orí bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí n kò rò ni pé Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ mi kò tó tọ́ ọmọ. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò ju “wá”, “jókòó”, “jẹun”, “má fọwọ́ kàn án” àti “sùn” lọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ lẹ́kún. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣàwàdà. Ìyá mi wá láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n fún ọmọ ní oríkì, wọ́n pè é ní Àkànní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti padà sílé, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé wa dín kù. Mo tan kàtúùnù fún un ní ìsọ̀ láti àárọ̀, ó ń wò ó, mo ń ránṣọ. Ó pé ọdún kan àbọ̀, mo mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà, torí ilé nílò ìsinmi lóòótọ́, iṣẹ́ aṣọ ẹbí pọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Yorùbá kan etí rẹ̀ nílé, pé yóò da Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbà pé ẹni tó ní ilé ìwé yóò mọ̀.

Ọdún 2019, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ń gbọ́ràn dáadáa. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá mú wa wọ yàrá kékeré kan, wọ́n bi mí pé, “Ta ní ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?”

“Èmi ni, mà.”

“Ó dáa. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí n gbọ́.”

Mo kọjú sí ọmọ mi. Mo ní kó wá, ó wá. Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Ó nawọ́ sí ike kan lórí tábìlì, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo wá dákẹ́, torí ohun tó wà lẹ́nu mi ti tán.

“Àṣẹ lẹ pa fún un yẹn,” ni nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lẹ́. “Ọ̀rọ̀ ńkọ́?”

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé èdè méjì kì í di ahọ́n ọmọ. Wọ́n ní kí n wo àwọn ọmọ Sábo tó wà nítòsí wa, Haúsá nílé, Yorùbá ní títì, ẹnu wọn kì í sinmi. Ohun tó lè dá ọmọ dúró ni kí ẹnikẹ́ni má máa bá a tàkúrọ̀sọ. Wọ́n bi mí nípa tẹlifíṣọ̀n, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní lọ́dún yẹn gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò yẹ kó jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò yẹ kó kọjá wákàtí kan lójúmọ́. Tèmi ń wò ó fún wákàtí mẹ́fà. Wọ́n tún sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé: pé inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Inú mọ́tò la wà lọ́nà ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn fi yé mi. Fún oṣù bíi mélòó kan kí n tó bí i, ohùn tó ń gbọ́ ni ti ìyá tó ń ná aṣọ, tó ń pa ọmọ iṣẹ́ lẹ́rìn-ín, tó ń ki oníbàárà kú ìnáwó, tó ń jà nítorí yáàdì kan. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Ó wá dé ayé tán, ohùn yẹn kọjú sí gbogbo ènìyàn àyàfi òun.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, mo sọ bí ọjọ́ mi ṣe lọ fún un. Mo ní ìyá kan gbé yáàdì mẹ́rin wá, ó fẹ́ kí n fi rán ohun tó ń gba mẹ́fà. Mo ní mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ kò gùn sí i. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. Ó wò ó títí omi fi tutù.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ọ̀rọ̀ tó jáde dáadáa lẹ́nu rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ mọ̀ pé ó pẹ́. Agolo bọ́tìnnì mi ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu. Ó dà á sílẹ̀. Mo ti fẹ́ pariwo pé kó má fọwọ́ kàn án, mo ká ẹnu mi mọ́, mo jókòó tì í nílẹ̀. A ń ṣà wọ́n: pupa síbí, funfun síbí, èyí tó ní ihò méjì, èyí tó ní ihò mẹ́rin. Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Kò tíì lè pe ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń fi imú kùn ún bí orin, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sókè, ó sì ń sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀. Ohùn ló kọ́kọ́ mú, ọ̀rọ̀ wá tẹ̀ lé e. Mo sunkún lórí bọ́tìnnì.

Nígbà tó bá wá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo kọ́ láti fi kún un fún un. Bó bá ní “ọkọ̀”, èmi á ní, “Ọkọ̀ ni lóòótọ́, ọkọ̀ pupa ni, ó kún fún èrò, wọ́n ń lọ sí Dùgbẹ̀.” Tó bá pè é bí ọkọ́, n kì í sọ pé ó ṣì í pè, mo kàn ń pe tèmi dáadáa. Alẹ́ tí iná kò bá sí, tí tẹlifíṣọ̀n ti kú fúnra rẹ̀, la máa ń pa àlọ́. Ó fẹ́ràn ìjàpá débi pé kò fẹ́ kí iná dé.

Oṣù kejì 2020 ni mo bí obìnrin. Ìyá mi wá bá mi tọ́mọ. Kòrónà dé lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta, kò sí òde ìnáwó, aṣọ ẹbí dáwọ́ dúró, ìyá mi kò sì tètè lọ. Ẹ̀kọ́ tí n kò rí gbà ní ibikíbi ni mo gbà lójú abọ́ ìwẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ẹsẹ̀, wọ́n á bi í pé, “Ṣé o sun oorun dáadáa, Àbẹ̀kẹ́?” Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á máa wo ojú rẹ̀, wọ́n á dúró títí ọmọ yóò fi gbọnra tàbí kó ké “ùn”. Wọ́n á ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀fọn ló jẹ ọ́? Èwo nínú wọn ni?” Wọ́n á tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni n kò mọ̀. Nígbà tí mo bá bi ọmọkùnrin mi ní nǹkan, n kì í jẹ́ kó mí kí n tó dáhùn fún un.

Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ki Àkànní, tòun tòríkì ilé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní “ẹ” yẹn. Ó ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dá mi lóhùn, ó ti fúnra rẹ̀ mọ ẹni tó jù òun lọ.

Oníbàárà mi kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sọ fún mi, nígbà tí mo ń wọn apá rẹ̀, pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Mo dá tépù dúró. Wọ́n ti mọ èyí kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá pọ̀, ọ̀rọ̀ ṣì máa ń há fún un, yóò la ẹnu, yóò máa wá a kiri. Àbúrò rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá, n kò sì lè dá ọdún mẹ́ta yẹn padà fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá sí ìsọ̀ láti ilé ìwé, mo ń gan bùbá kan tí wọ́n fẹ́ gbà ní ìrọ̀lẹ́, pínnì kún ẹnu mi. Ó ní, “Màámi, lónìí…” ó sì há. Tẹ́lẹ̀, “ùn-ún” ni n ó fi dá a lóhùn, láìgbójú sókè. Mo tu pínnì náà sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo yí àga mi sí i, mo ń dúró.