Ta Ló Ni Àga Yìí?

Orúkọ kan ló mú mi wọ inú họ́kì. Ọjọ́ Àìkú ni, 28 oṣù Kejì ọdún 2010. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì tan tẹlifíṣọ̀n sí yàrá tí àwa nọ́ọ̀sì ti máa ń jẹun. Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ń du àmì ẹ̀yẹ wúrà ìdíje Òlíńpíìkì ní Vancouver. N kò mọ orí, n kò mọ ìdí eré náà. Mo ṣáà ń wo àwọn ọkùnrin tó wọ bàtà abẹ tí wọ́n ń sáré lórí yìnyín, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn kẹ́yìn sí kámẹ́rà, mo bá ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀: IGINLA. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Igi ńlá! Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọkùnrin náà, bó ti ń ṣubú lọ lẹ́bàá ògiri pápá, ti rọ́bà náà sí Sidney Crosby, tí Crosby sì gbá a sáwọ̀n. Kánádà 3, Amẹ́ríkà 2. Kẹ́kẹ́ pa nínú yàrá náà. Èmi nìkan ni mò ń pariwo, nítorí ọmọ wa ló gbé e kalẹ̀ fún un.

Mo délé, mo wádìí rẹ̀. Jarome Iginla ni. Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tó ń jẹ́. Òun ni balógun ẹgbẹ́ Calgary Flames nígbà náà, ayò tó sì gbá sáwọ̀n nínú NHL, líìgì họ́kì àgbà ti Kánádà àti Amẹ́ríkà, kó tó fẹ̀yìn tì jẹ́ 625. Ọmọ mi ọkùnrin ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn. Bó ti gbọ́ pé Igi Ńlá kan wà tó ń sáré lórí yìnyín, kò jẹ́ kí n rímú mí títí mo fi ra bàtà abẹ fún un. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní 2013, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún méjì, tèmi kan, tirẹ̀ kan, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ họ́kì ìlú tí à ń gbé.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NHL báyìí. Títí di sáà 2025 sí 2026, láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, eré 82 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbá, ìdajì rẹ̀, ìyẹn 41, ní ilé. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ti sanwó gbogbo eré 41 yìí, ó sì san ti àwọn eré ìgbaradì mọ́ ọn, àwọn èyí tí àgbà eléré kì í sábà jáde fún, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà lórí wọn. Àga kan náà ni ẹ ó máa jókòó sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó tèmi nínú báńkì. Nígbà tí mo sọ iye rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́hùn-ún.

“Gbogbo owó yìí, torí àga? Ṣé o máa gbé àga náà wálé ni?”

Mo ní rárá, Màámi, ibẹ̀ ló máa wà.

“Ta ló wá ni àga ọ̀hún?”

Mo dá wọn lóhùn pé àwa la ni ín. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ìlà kejìlá ni wá, lókè, àga keje àti ìkẹjọ. Bàbá arúgbó kan ló wà ní àga kẹsàn-án. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Gbogbo eré ni Bàbá ń mú ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù wá, á kọ ayò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ìṣẹ́jú tó wọlé, ẹni tó gbá a, ẹni tó gbé e kalẹ̀ fún un. Ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí, kì í kọ ọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ló wà lẹ́yìn wa, ohùn wọn kì í sì í jẹ́ kí rẹfirí sinmi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló wà níwájú wa. Èmi tí mo dàgbà sí agbo ilé mọ agbo ilé bí mo bá rí i. Nígbà tí bàbá mi kú tí mo lọ sin wọ́n nílé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìlà náà, ọmọ mi ló sọ fún wọn. Nígbà tí mo padà, Bàbá na àpò ìwé kan sí mi. Gbogbo ìlà kejìlá àti ìkẹtàlá ló dáwó sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àga kálukú. Mo ṣì ní àpò ìwé yẹn nínú Bíbélì mi.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo rò pé mò ń rà.

Kí ẹgbẹ́ máa fìdí rẹmi kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan mọ̀ pé ọdún burúkú yóò wà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tá a ti sanwó sílẹ̀, tá a ti gbẹ́kẹ̀ lé wọn kí wọ́n tó gbá rọ́bà kan ṣoṣo, àwa gan-an ni wọn kì í kà sí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí àga kẹfà, inú rẹ̀ ń dùn, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí: ọ̀sán ọjọ́ náà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fúnra wọn, iye tó san kò sì tó ìdajì iye tí èmi san lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo yìnyín fún gbogbo ogún ìṣẹ́jú abala àkọ́kọ́, n kò sì rí ohun kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ò lè débẹ̀ nígbà mọ́kànlélógójì. Ó di dandan kí n ta àwọn kan. Ta ni yóò ra tèmi nígbà tí ẹni tó tà á fún mi ti gbé tirẹ̀ sórí àtẹ ní ẹ̀dínwó?

Inú oṣù Kejì ni ìwé àtúnsan ti ọdún tó ń bọ̀ máa ń dé, owó á sì ti lé sí i. Oṣù Kẹta ló máa ń tẹ̀ lé e, nígbà tí fèrèsé pàṣípààrọ̀ eléré bá fẹ́ tì. Ọdún méjì léra wọn ni mo san owó tán kí wọ́n tó ta eléré tí ọmọ mi fẹ́ràn jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń kọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í dín owó ìsinsìnyí kù fún ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ọjọ́ iwájú.

Nígbà tí èèyàn bá sọ fún mi pé àwọn alátìlẹyìn ló ń ya aláìṣòótọ́, Buffalo ni mo máa ń rántí. Ní oṣù Kẹta 2015, Sabres, ẹgbẹ́ ìlú náà, gba Arizona Coyotes lálejò, ìdí tábìlì ni àwọn méjèèjì sì wà. Òfin ni pé ẹgbẹ́ tó bá kẹ́yìn pátápátá ni yóò ní àǹfààní tó pọ̀ jù nínú ìbò tí wọ́n ń dì láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣa ọ̀dọ́ eléré, Connor McDavid sì ni ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé ń dúró dè lọ́dún yẹn. Nígbà tí Arizona gbá ayò ìṣẹ́gun sáwọ̀n ní àfikún àkókò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Buffalo hó yèè. Nínú ilé ara wọn, wọ́n hó fún ẹni tó na ọmọ wọn. Wọ́n bú wọn kárí ayé họ́kì, àwọn eléré Sabres alára sì bínú. N kò lè bú wọn. Ẹni tó bá ti sanwó láti wo bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo sáà ṣòfò, kí ló kù tó lè fọkàn sí ju ìbò náà lọ? Edmonton ló sì mú McDavid níkẹyìn.

Bàbá mọ èyí tó burú ju ti Buffalo lọ. Ó sọ fún wa nípa sáà 2004 sí 2005, nígbà tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn eléré jà lórí owó tí wọ́n fagi lé gbogbo sáà láìgbá eré kan. Láti 1919 tí àjàkálẹ̀ àrùn dá ìdíje dúró, kò sí ọdún tí wọn kò rí ẹni gbé Ife-ẹ̀yẹ Stanley fún àyàfi ọdún yẹn. Ó ní gbogbo alẹ́ Sátidé lòun máa ń wakọ̀ gba iwájú ilé eré náà kọjá, tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìwé pélébé ti ọdún yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún nìkan ló kọ sójú ewé àkọ́kọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni Bàbá fẹ́ràn, ó sì ní páálí tó ń kó wọn sí. Nígbà tí wọ́n fagi lé bébà tí wọ́n ní orí fóònù nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì yóò máa wà, ó lọ ra fóònù nítorí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú débi pé omi ojú ń dì sórí ìpéǹpéjú, a bá a lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ó ti dì í mú sí ìta láti ìgbà tó ti wà lórí ìlà, kó má baà dá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, òtútù sì ti pa bátìrì. Ọmọ tó wà lẹ́nu géètì ní kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọgbọ̀n ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ! Mo gba fóònù náà, mo ṣí kóòtù mi, mo ki í sábẹ́ apá bí ìgbà tí mo ń wọn ìgbóná ara aláìsàn, a sì dúró. Bàbá ń wo bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ kí fóònù náà tó tàn. Bí a ti ń gun àtẹ̀gùn ni a gbọ́ ariwo ayò àkọ́kọ́ láti inú lọ́hùn-ún. Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kejì.

Ní ọdún tó kọjá ni ìwé kan dé tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní ìròyìn ayọ̀. Wọ́n fẹ́ tú ìlà kẹsàn-án títí dé ìkẹrìnlá lápá ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n sọ ọ́ di yàrá ìgbafẹ́ alága tìmùtìmù fún àlejò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fi sùúrù ka àdéhùn tí mo ti fọwọ́ sí láti 2013 sí mi létí: ìyọ̀ǹda láti jókòó ni mo rà, ẹni tó fún mi lè gbà á nígbà tó bá wù ú. Ìbéèrè Màámi ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti bi mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni n kò mọ ìdáhùn.

Wọ́n fún kálukú ní wákàtí tí yóò fi yan àga tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Tèmi jẹ́ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ti Bàbá jẹ́ aago mẹ́ta ku ogún. Ọmọ mi, tó ti wọ yunifásítì báyìí, wà pẹ̀lú mi lórí fóònù láti ibi tó wà. A wá ibi tí àga mẹ́ta ti tẹ̀ léra, a mú méjì, a sì pe Bàbá pé ẹ̀kẹta ń dúró dè é. Kò pé wákàtí kan tí ẹlòmíràn fi mú un. Bí ìlà kejìlá ṣe tú ká nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn ò sanwó mọ́. N kò tíì fojú kan awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọ̀kánkán wa lọ́hùn-ún ni Bàbá wà, sí igun òkè, níbi tí pátákó ńlá kan ti bo àwọ̀n tó wà lápá ọ̀dọ̀ tiwa mọ́ ọn lójú.

Àárín abala méjì, ìṣẹ́jú 18 ni ìsinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀kalẹ̀ dé ibi òpó tó wà nítòsí àwọn tó ń ta gúgúrú, níbi tí èmi àti Bàbá ti ń pàdé, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, torí ọ̀nà tirẹ̀ jìn, ẹsẹ̀ ò sì gbé e mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Á yọ láàárín èrò, ìwé pélébé lọ́wọ́. Á kí mi, á béèrè ọmọ mi, lẹ́yìn náà á ṣí ìwé náà, á pọ́n ẹnu pẹ́ńsù díẹ̀ láhọ́n.

“Èyí tó wọlé lápá ọ̀dọ̀ rẹ,” ló máa ń wí. “Ta ló gbé e kalẹ̀ fún un?”

Mo máa ń sọ ohun tí mo rí fún un, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.