Tẹ́ńtì méjì, èèyàn mẹ́fà, àti igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Láti oṣù October tí mo ti gbé fọ́tò tẹ́ńtì síbí lẹ ti ń bèèrè nínú DM: "Ẹ ti lọ? Fọ́tò dà?" A ò lọ o. Bí a ṣe ṣètò ẹ̀ tó, àti ohun tó yí i padà, ni mo fẹ́ kọ. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ibi tá a fẹ́ lọ ni páàkì Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba ń pè ní Old Oyo National Park. Ẹ má gbọ́ Ọ̀yọ́ kí ẹ rò pé ẹ̀yìnkùlé ààfin ló wà. Olú ọ́fíìsì wọn ló wà ní Ìsokùn, nínú ìlú Ọ̀yọ́. Igbó fúnra ẹ̀ jìnnà sókè lọ́hùn-ún, lágbègbè Ìgbẹ́tì, Kíṣí, Ìgbòho àti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú-lóòró. Ìjọba òyìnbó ti fi ààlà sí apá kan ẹ̀ láti 1936. Ní 1991 ló di páàkì ìjọba àpapọ̀. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ẹtu, ìgalà, ọ̀bọ oríṣiríṣi. Àárín igbó yẹn ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú Aláàfin àtijọ́, pẹ̀lú odi ìlú tó ṣì hàn nínú koríko àti igi oṣè tó ń júwe ibi tí àwọn èèyàn gbé.

Ọ̀kan nínú wa, tó máa ń wo fídíò àwọn tó ń gun Kilimanjaro, ní òun ò fẹ́ "páàkì pẹ̀tẹ́lẹ̀". Gashaka-Gumti ló ń wù ú, ní Taraba àti Adamawa, níbi tí Chappal Waddi wà. Òkè yẹn ga tó mítà 2,419, òun ló ga jù ní Nàìjíríà. A dá a lóhùn pé láti Ìrẹ̀sà dé Taraba, garaaji ni gbogbo owó àjọ wa máa tán sí. Ti wa náà ní òkè tiẹ̀: àpáta ràgàjì tó kàn yọ orí láàárín pápá. Fún àwa tí ẹsẹ̀ wa ò mọ̀ ju ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì sí kíláàsì, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tèmi gan-an kì í ṣe ti gíga òkè. Ọmọ Ìrẹ̀sà-Adú ni mí. Tí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn ọba ńlá abẹ́ Aláàfin, ẹ máa gbọ́ Oníkòyí, ẹ máa gbọ́ Olúgbọ́n, ẹ máa gbọ́ Arẹ̀sà. Samuel Johnson kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn tó parí ní 1897, tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1921: Ẹkùn Òsì ló to àwa àti Ìkòyí àti Ìgbọ́n sí. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní àwọn ọdún 1830, ẹkùn wa náà ò gbádùn. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ẹkùn wa sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń fi orúkọ yìí kì wá. Nínú àwa mẹ́fà, kò sí ẹnì kan tó tíì fojú kan ibẹ̀ rí. Èmi fẹ́ fojú kàn án, ó parí.

Ó wá ku kí n sọ fún Màámi.

Mo ní, "Màámi, àwa kan fẹ́ lọ sùn nínú igbó fún ọjọ́ méjì." Wọ́n gbé orógùn sílẹ̀. "Ta ló lé yín nílé?"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rò ó wò. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń sùn nínú igbó? Ọdẹ. Àgbẹ̀ tó ní ahéré lóko. Ẹni tí ogun ń lé. Wèrè. Kò sí ẹ̀ka karùn-ún tí a lè tò sí. Tá a bá ní èèyàn lọ sórí òkè, àdúrà ló lọ gbà. Ìbéèrè Màámi kejì gan-an nìyẹn: "Ṣé ààwẹ̀ lẹ fẹ́ lọ gbà ni?" Tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, owó ọkọ̀ ni wọn ì bá fún mi. Ọmọbìnrin kan nínú wa tiẹ̀ dá a lábàá pé ká kúkú pè é ní ìrìn àdúrà kí gbogbo òbí lè sinmi. Mo ní rárá. Tí nǹkan bá ṣe wá, níbo ni wọ́n máa wá wa lọ?

Bàbá ọdẹ kan ládùúgbò wa ló gbà mí sílẹ̀. Mo mú obì lọ, wọ́n gba obì, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún aáyán nílé." Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ju gbogbo fídíò tí mo wò lọ. Ẹ má pàgọ́ sétí omi, ẹranko ń bọ̀ wá mu ún lóru. Ẹ wo òkè kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ̀ka igi gbígbẹ ò ní kí ẹ dìde kó tó já. Ẹ gbọn bàtà láàárọ̀ kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àti iná: nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tó bá dá iná tí kò pa á tán lè jó igbó tí kò gbìn. Wọ́n wá ní, "Ẹ sì má dá lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ igbó ni kó mú yín wọ igbó." Ohun tí páàkì náà ń fẹ́ nìyẹn: kí èèyàn kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ẹ̀ṣọ́ wọn sì wà pẹ̀lú ẹ. Ìbọn àti ọdẹ ṣíṣe, èèwọ̀ ni.

Àkókò wá di àríyànjiyàn. Nígbà òjò, koríko ga ju èèyàn lọ, ọ̀nà á di ẹrẹ̀. December sí March ló dáa: koríko ti gbẹ, ẹranko ń wá sídìí omi tó ṣẹ́kù, ojú ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bẹ. Òtútù lóru, oòrùn tó ń bó awọ lọ́sàn-án. A mú ìparí January.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò wa, ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò ẹ̀ fún yín. Nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rìn tó sì ń gun àpáta á nílò bíi lítà mẹ́rin lóòjọ́. Ọ̀rá pure water kan jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn ọ̀rá mẹ́jọ fún ẹnì kan. Èèyàn mẹ́fà, ọ̀rá méjìdínláàádọ́ta. Ọjọ́ méjì, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, bíi àpò márùn-ún nìyẹn, kílò méjìdínláàádọ́ta ẹrù, a ò sì tíì ka gaàrí. Ibẹ̀ ni ọ̀gá Kilimanjaro ti dákẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì ẹ̀, agbọ́hùn Bluetooth, ìkòkò kékeré, bàtà kejì, ló yọ kúrò. Oúnjẹ wa di èyí tí kò nílò iná: gaàrí, kúlíkúlí, róbó, ẹ̀pà, ìrèké. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nudulu, kó dúró sílé.

Tẹ́ńtì méjì la rí yá. Mo na ọ̀kan sínú àgbàlá láti dán an wò. Kí n tó kan ìṣó kẹrin mọ́lẹ̀, ìyá aládùúgbò wa ti dé ẹnu ọ̀nà: "Ẹ kú ìmúra o. Ìnáwó kí ni?" Kánópì ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó kéré.

Màámi gbà nígbẹ̀yìn, lórí pé ẹ̀ṣọ́ á wà, lórí pé a máa pè wọ́n kí a tó wọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò sí.

Nígbà tó di January 2026 tá a ń retí, àwọn agbébọn kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì yìí lẹ́nu iṣẹ́ wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, wọ́n sì pa lára wọn. Oríire, itòsí wa níhìn-ín. Irú àwọn tí ì bá mú wa wọ igbó ni wọ́n pa yẹn.

Màámi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń wo ìròyìn náà lórí fóònù mi. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

Nínú WhatsApp wa, ìjà dé. Ẹnì kan ní ká sún un síwájú oṣù kan péré, ká gba ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin dípò méjì. Ó ní tí gbogbo wa bá ń sá, àwọn olè ló ni igbó nìyẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Àmọ́ mo bi í pé: ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin tó máa tẹ̀ lé wa lọ ya fọ́tò lórí àpáta, níbo la ti yọ wọ́n? Igbó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ò tó nǹkan, ẹ̀rù àwọn tó kù ò tíì kúrò lára wọn. Ká wá ní kí wọ́n wá máa ṣọ́ oorun ọmọ yunifásítì mẹ́fà? Ti èmi ò sí níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wa gbà pẹ̀lú mi, ẹnì kan ṣì ń bínú.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn èsì tí mo kà lábẹ́ ìròyìn yẹn. "Kí ló tiẹ̀ wà nínú páàkì náà?" Àwọn kan ń fi ẹ̀rín sí i. Odi ìlú baba yín ló wà níbẹ̀. Ẹfọ̀n tó ṣẹ́kù fún wa ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù tí kò tó nǹkan dúró tì í lóru títí wọ́n fi pa á, ẹ̀yin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwa sílẹ̀.

Ní báyìí, Àdó-Àwáyè la ń lọ, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Wọ́n ka àtẹ̀gùn 369 sí ara òkè náà, adágún Ìyákè sì wà lórí àpáta lókè lọ́hùn-ún. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, a máa gba Ọ̀yọ́ kọjá sí Ìsẹ́yìn, a máa gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, a sì gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ kí aago méjì tó lù. Kò sí oorun igbó. Ọ̀rá omi mẹ́jọ mẹ́jọ ṣì ni, mi ò yí ìyẹn padà. Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìdájí, garaaji. Ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀.

Mo lọ dá tẹ́ńtì padà lánàá. Ẹni tó ni ín ní kí n ṣì mú un dání, pé òun ò lò ó kí òjò ọdún yìí tó dá. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tí Màámi ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé e, wọ́n gbálẹ̀ abẹ́ ẹ̀, wọ́n dá a padà síbẹ̀.