Okùn ló ń gbé ìwọ̀ lọ

Nínú ìpẹja oníkòkòrò àtọwọ́dá, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní àwọn odò Scotland àti Montana, ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú wé kò wúwo rárá.
Ìwúwo okùn ló ń gbé e dé ojú omi.

Nítorí náà, okùn ló yẹ kí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ náwó lé.
Okùn gidi a máa dán, a sì máa yọ̀ gba inú òrùka ọ̀pá kọjá.
Èyí tí ara rẹ̀ ti sán kì í lọ jìnnà.

Nọ́ńbà tó ń sọ ìwúwo okùn tó bá ọ̀pá mu ló kàn. Ara ọ̀pá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, lókè ibi ìdìmú.
Ọ̀pá 5, okùn 5.
Ọ̀pá 5 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 tó fún ọ̀pọ̀ ẹja tiráótì inú odò.

Ọ̀pá tí kò wọ́n náà lè dára.
Ṣé òrùka rẹ̀ tò gbọọrọ?
Ṣé oríkèé rẹ̀ wọnú ara wọn ṣinṣin?

Okùn tí wọ́n bá ń nù lẹ́yìn ìpẹja a máa pẹ́.
Kí ni nǹkan mìíràn tó tún ń mú un pẹ́?