Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ gbé dúróònù lọ sí Òsì àti Ìlọ́fà, ẹ rọra o!

Bí wọ́n bá dárúkọ Èkìtì, Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Èkìtì kan wà ní Kwara, ìjọba ìbílẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ìlú Òsì wà. Òkè-Ẹ̀rọ̀ ló múlé tì í, Ìlọ́fà sì ni olú ìlú tiwọn. Ẹni tó bá ń ti Ìlọrin bọ̀, Àjàsẹ́-Ìpo ni yóò gbà dé Òmù-Àrán kó tó kọrí síbẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni, igbó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn sì ti lè bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí ti Kogí.

Òsì kì í ṣe ìlú téèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Aréógún, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ igi gbígbẹ́, ti gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn àti Ẹ̀pa tí àwọn òyìnbó ń fi ṣògo nínú mùsíọ́ọ̀mù wọn lónìí. Ọmọ ẹ̀, Bándélé, ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn fáàdà ìjọ Àgùdà ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lọ́dún 1947.

Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun kì í gbàgbé ilé. Tí Kérésì bá dé, tàbí tí òkú àgbà bá wà nílẹ̀, wọ́n á gbéra. Àmọ́ fọ́tò lásán ò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn mọ́ lásìkò yìí. Wọ́n á fẹ́ kí kámẹ́rà máa rà bàbà lókè bí àṣá, kó máa ya agbádá àti gèlè láti òfuurufú. Dúróònù ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò sẹ́ni tó jókòó sínú ẹ̀, tí ẹni tó wà nílẹ̀ ń darí. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó létí òkun Èkó ti sọ ọ́ di nǹkan eré.

Wọn ò sì gbọdọ̀ fi ṣeré o. Lóṣù karùn-ún ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, kéde pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fò ó láìgbàwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn, ìbáà ṣe iléeṣẹ́, ìbáà ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí òfin yìí ṣe de Lẹ́kí náà ló de Òsì. Ẹni tó rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí pápákọ̀ òfuurufú nítòsí, kò sẹ́ni tí yóò bi òun, ara ẹ̀ ló ń tàn jẹ. Àní, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè ti gbà á l'Ékòó lọ́wọ́ ẹni tó gbé e ti London bọ̀ láìníwèé.

Ká sòótọ́, òfin náà le fún ẹni tó kàn fẹ́ fi najú. Ó jọ pé iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó bá wúwo ju 250 gíráàmù lọ ni aláfẹ́ ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, yóò ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́, ó parí. Kò sóhun tó ní kí tiwa má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ò fojú kékeré wò ó o. Ní Gatwick lóṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí wọ́n láwọn rí dúróònù, wọ́n ti pápá náà pa, èrò bí 140,000 ni ìrìn-àjò wọn dà rú.

Ní Èkìtì Kwara àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tún ju ti bàlúù lọ. Ní February 1, 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kórò, wọ́n pa Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì. November 18, 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan l'Érúkù, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó rí wọn gbà. Fóònù wo ni fídíò tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ká sílẹ̀ ò dé? Kò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn náà, wọ́n tún kó èèyàn ní Ìsapá.

Ẹ wá wo ìlú tójú ẹ̀ ti rí báyìí, kí nǹkan kan ṣàdédé máa kùn bí oyin lórí òrùlé wọn, kí iná pupa máa ṣẹ́jú lára ẹ̀. Ta ni yóò rántí pé ọmọ Ìyá Lágbájá ló ń ṣe ọjọ́ ìbí? Ìyá arúgbó á sá wọlé, ọdẹ á na ìbọn sókè. Wọn ò sì jẹ̀bi. Lápá Ìlà-Oòrùn Àríwá, àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń fi dúróònù ṣọṣẹ́, ìyẹn ni ológun òfuurufú ṣe fòfin dè é níbẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2025.

Nítorí náà, ẹni tó níwèé àṣẹ pàápàá, kó kọ́kọ́ dé ààfin, kó dé ọ̀dọ̀ DPO, kí àwọn ọdẹ àti fijilanté mọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò fò ó, kó sì jẹ́ ojúmọmọ. Olóde tó fẹ́ háyà ẹni tí yóò yà á, ìwé NCAA ni kó kọ́kọ́ ní kó fi han òun, kó tó fún un ní kọ́bọ̀ àsansílẹ̀. Tí kò bá rí i mú jáde, kí wọ́n fi kámẹ́rà ọwọ́ ya òde náà.